Ta ló ní ìwé ìtàn ò gbọdọ̀ pani lẹ́rìn-ín?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìwé ìtàn tó bá ti ń pani lẹ́rìn-ín, kò lè ní ìmọ̀ kankan nínú. Lójú tiwọn, èèyàn gbọ́dọ̀ fajú ro ni kó tó ka ìtàn gidi. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo ra 1066 and All That, ìwé àwàdà kan lórí ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí mò ń wá ò ju kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí n tó sùn.

Sellar àti Yeatman ló kọ ọ́, ọdún 1930 ló jáde. Gbogbo ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí èèyàn lè rántí ni wọ́n ní àwọn kó jọ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé déètì gidi méjì péré ló wà nínú ẹ̀. Mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀ o, wọ́n yọ méjì nígbà tí wọ́n rí i pé kò sẹ́ni tó lè rántí wọn. Ìbéèrè ìdánwò náà wà níbẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kò gbọdọ̀ kọ̀wé sójú bébà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó sùn ní yàrá kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri.

Ibi tí ojú mi ti là ni orí ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa John, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ọba yìí ò wúlò débi pé ó sọ adé ẹ̀ àti gbogbo aṣọ ẹ̀ nù síbi aṣọ fífọ̀, ó wá jẹ èso píìṣì yó láìrí ọtí ápù mu, ló bá kú. Ìsọkúsọ ni mo pè é. Mo wá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. The Wash ni orúkọ ẹnu òkun kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni wọ́n ń lò fún aṣọ tí wọ́n ń fọ̀. Ibẹ̀ ni omi ti gbé ẹrù ọba lọ lóṣù kẹwàá ọdún 1216. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, ìgbẹ́ ọ̀rìn pa á nílùú Newark. Roger of Wendover, mọ́ǹkì tó kọ ìtàn ìgbà náà, ló ní píìṣì tó jẹ àti ọtí ápù tuntun tó mu ló dá kún àìsàn ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "tuntun" yẹn, ìyẹn new, làwọn aláwàdà wa yí díẹ̀, tó fi di no, ìyẹn "kò sí". Ẹni tí ò bá mọ ìtàn ò lè ta irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ti Magna Carta, ìwé àdéhùn tí Ọba John bá àwọn ìjòyè ẹ̀ ṣe lọ́dún 1215, tún wá burú jù. Wọ́n kọ́ mi nílé ìwé pé òun ló fún gbogbo èèyàn lómìnira. Àwọn méjèèjì yìí ní ohun tó sọ ni pé ìjòyè ni kó máa dájọ́ ìjòyè, torí òun ni ọ̀rọ̀ náà máa yé, àti pé nǹkan tó dáa ni fún tẹrú-tọmọ, àfi mẹ̀kúnnù. Ẹ lọ wo ìwé àdéhùn náà: ẹni tó jẹ́ òmìnira ló ń dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìgbà yẹn ni wọ́n so mọ́ ilẹ̀ olówó. Kò sì pé oṣù mẹ́ta tí Póòpù Innocent Kẹta fi fagi lé e. Èwo ló wá sún mọ́ òótọ́, àwàdà ni àbí ẹ̀kọ́ tí mo há sórí?

Mi ò ní kí ọmọ yín gbé e lọ síbi ìdánwò o. Irọ́ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa síbẹ̀ pọ̀ bíi yanrìn, àwàdà míì nínú ẹ̀ sì ti gbó. Àmọ́ àwọn tó kọ ọ́ kì í ṣe aláìmọ̀kan. Olùkọ́ ni Sellar, ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni Yeatman wà, àwọn méjèèjì ló sì ja Ogun Àgbáyé Kìíní. Ibi tí ogun yẹn parí sí ni ìwé wọn náà parí sí: Amẹ́ríkà ti di ọ̀gá ayé, ìtàn sì dé ibi àmì ìdánudúró. Wọn ò kọ orúkọ àmì náà síbẹ̀ rárá. Àmì róbótó dúdú kékeré kan ṣoṣo ni wọ́n fi síbẹ̀.