Òsì Tó Nà, Ọ̀tún Tí Kò Fà Mọ́ra

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn wa kì í yé sọ tí fọ́tò ọgbà ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà bá ti jáde: "Èyí náà lẹ̀wọ̀n? Hòtẹ́ẹ̀lì ni! Wọ́n ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n." Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Hòtẹ́ẹ̀lì wo ni wọ́n ti ń sanwó kí wọ́n tó wọlé, tí wọ́n ń sanwó nínú rẹ̀, tí wọ́n sì tún ń jẹ gbèsè lẹ́yìn tí wọ́n jáde?

Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Oró ẹgba ò tíì tán lára ọmọ tí ẹ̀bà ti dé iwájú rẹ̀. Èèyàn tó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì ló wà lẹ́yìn irin ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó máa sọ pé òsì wọn kò ṣiṣẹ́. Ọ̀tún ni mò ń wá.

Ẹ jẹ́ ká ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Jéèlì ni ti kaúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n gan-an ni ti ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀, fún ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi. Nínú ẹni mẹ́wàá tó wà ní jéèlì, bíi méje ni wọn kò tíì dá lẹ́bi ẹ̀sùn kankan. Owó béèlì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí. Ká ní béèlì jẹ́ 5,000 dólà. Ẹni tó lówó yóò san án fún kóòtù, tó bá sì ń yọjú ní gbogbo ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, yóò gbà á padà nígbà tí ẹjọ́ bá parí, àfi díẹ̀ tí àwọn kóòtù kan máa ń yọ. Ẹni tí kò lówó yóò sáré tọ oníṣòwò béèlì lọ, yóò fún un ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn 500 dólà, kó lè bá a dúró fún béèlì náà ní kóòtù. Ó ti lọ nìyẹn. Kódà kí adájọ́ da ẹjọ́ náà nù lọ́jọ́ kejì, owó yẹn kò ní padà. Olówó fi owó pamọ́ sí kóòtù, tálákà fi tirẹ̀ ṣòfò.

Kalief Browder jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí wọ́n mú un ní New York ní 2010, wọ́n ní ó jí báàgì. Béèlì tí wọ́n kọ́kọ́ bù fún un jẹ́ 3,000 dólà, àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí i kó jọ. Ó lo ọdún mẹ́ta ní Rikers Island, jéèlì ńlá ìlú New York, bí ọdún méjì nínú rẹ̀ ní yàrá àdágbé, wọn kò sì gbọ́ ẹjọ́ náà rárá kí wọ́n tó fagi lé e ní 2013. Ní 2015 ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Nítorí báàgì kan tí ẹnikẹ́ni kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó jí.

Wọ́n mọ àtúnṣe rẹ̀ o. New Jersey fẹ́rẹ̀ẹ́ pa béèlì olówó rẹ́ láti January 2017. Illinois pa á rẹ́ pátápátá ní September 2023: adájọ́ yóò wò ó bóyá ẹni náà léwu tàbí yóò sá lọ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé, kó padà wá lọ́jọ́ ẹjọ́.

Ibi tí a kò bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní jéèlì ti tó ba ayé èèyàn jẹ́. Iṣẹ́ ti bọ́, lanlọ́ọ̀dù ń halẹ̀, ni agbẹjọ́rò tó ń rojọ́ fún ìjọba bá gbé ìwé dé: gbà pé o jẹ̀bi, ọjọ́ tó o ti lò tó, máa lọ sílé lónìí. Ta ni kò ní fọwọ́ sí i? Nínú ìdálẹ́bi mẹ́wàá lórílẹ̀-èdè yẹn, ó ju mẹ́sàn-án lọ tó jẹ́ pé ẹnu ara wọn ni wọ́n fi gbà á, láìsí ẹlẹ́rìí kan tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará wa tó jẹ́ pé green card nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ibí yìí ni kí ẹ la etí sí. Olè jíjà tí adájọ́ bá fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí, kódà kó so ẹ̀wọ̀n náà rọ̀ tí ẹ kò sùn níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, òfin àwọn àjèjì kà á sí ọ̀ràn ńlá tí wọ́n fi ń dá èèyàn padà sílé. Ọjọ́ 365 wà nínú ẹ̀ka yẹn, ọjọ́ 364 kò sí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu mìíràn lè kù. Nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo yìí ni ìpínlẹ̀ Washington ní 2011, àti New York ní 2019, ṣe dín ẹ̀wọ̀n tó gùn jù fún ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké kù sí 364. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ọ́ ní 2010, nínú ẹjọ́ Padilla, pé dandan ni kí lọ́yà kìlọ̀ fún àjèjì bí ìjẹ́wọ́ rẹ̀ bá lè lé e kúrò nílùú. Ẹ bi lọ́yà léèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Kí ẹ sì tó san béèlì, ẹ wádìí bóyá ICE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àjèjì tí wọ́n fẹ́ dá padà sílé, ti kọ̀wé sí jéèlì náà pé kí wọ́n dá ẹni yín dúró de àwọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó yín lè jẹ́ owó ọkọ̀ láti àtìmọ́lé kan bọ́ sí òmíràn.

Fóònù ńkọ́? Ẹ̀rọ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ìpè yìí ti jéèlì wá, a ń gbà á sílẹ̀, tẹ nọ́ńbà báyìí bí o bá fẹ́ gbà á. Níbi púpọ̀, ó di ìṣẹ́jú 15, ó já, ì báà jẹ́ àárín ẹkún. Ìyá tó gbé e, ohun àkọ́kọ́ tó máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Kí lo ṣe?" Ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Àlàyé yẹn gan-an ni agbẹjọ́rò ìjọba lè gbé wá sí kóòtù. Ẹ má sì rò pé Yorùbá yóò bò yín láṣìírí, ògbufọ̀ kò wọ́n níbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn sì lè wà nínú wọn. Ẹ béèrè oúnjẹ rẹ̀, ẹ béèrè oògùn rẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀ fún lọ́yà. Connecticut ló kọ́kọ́ ṣòfin, ní 2021, pé kí ìpè ẹlẹ́wọ̀n di ọ̀fẹ́ jákèjádò ìpínlẹ̀ rẹ̀, òfin ti California bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ibi tó pọ̀ jù ṣì ń gbowó.

Nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀, owó iṣẹ́ gbígbálẹ̀ tàbí ìdáná lè bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́ǹtì 12 fún wákàtí kan. Bí ẹlẹ́wọ̀n bá fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ rí dókítà, dólà 2 ni wọn yóò yọ, àfi tí kò bá ní nǹkan kan lápò. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 17 nídìí ìgbálẹ̀ kí eyín tó ń dùn ún tó débi tí wọ́n ti máa wò ó. Texas àti Georgia kì í tilẹ̀ san kọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ inú ọgbà.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní 1994, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gba owó ẹ̀kọ́ Pell, tí ìjọba fi ń ran akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, kúrò lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n, kíláàsì yunifásítì inú ọgbà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. July 2023 ni ó tó padà ní kíkún. Ọdún 29 gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ yàrá ẹ̀wọ̀n láìkọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀! Ìjọba fúnra rẹ̀ ka àwọn tó jáde ní ìpínlẹ̀ 34 ní 2012: kó tó pé ọdún márùn-ún, ọlọ́pàá ti tún mú 71 nínú 100. Ta ló wá yà lẹ́nu? California ń fún ẹni tó ń jáde ní 200 dólà, iye tí wọ́n ti fi lélẹ̀ láti 1973. Bóyá ló lè sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì gidi fún alẹ́ mẹ́ta.

Mo ti bá ìjọba wí tó, ó kan ẹbí. Ní 2011, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀wọ̀n ní Minnesota wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹni tó ti jáde, wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ wò kì í tètè padà sẹ́wọ̀n bí ẹni tí kò lálejò. Síbẹ̀ ẹ̀yin ń sọ fún ará ilé pé "ó rìnrìn-àjò." Ìrìn-àjò ọdún mẹ́fà láìsí ẹnì kan nínú yín tó bẹ̀ ẹ́ wò! Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í tú ẹni tó ń lọ sórí parole, ìyẹn ìtúsílẹ̀ tí wọ́n ṣì ń ṣọ́ni, sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní ilé tí òṣìṣẹ́ wọn ti yẹ̀ wò. Ẹ wádìí lọ́wọ́ lanlọ́ọ̀dù bóyá ìwé ilé yín gbà á láàyè, ẹ bá a wá ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì Social Security rẹ̀ ṣáájú oṣù tó máa jáde, ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sí ìwé ibi tí yóò máa gbé. Ẹ kò ṣe é, ẹ ní ẹ ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù wà níwájú òṣìṣẹ́ náà, àlàfo àdírẹ́sì ṣófo, kò sì lè kọ "ọwọ́ Ọlọ́run" síbẹ̀.