Àtúnṣe lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ eré orí omi olówó pọ́ọ́kú
Ẹnìkan kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ tí ń fi okùn fa eléré orí omi (ẹni tó ń yọ̀ lórí omi pẹ̀lú pátákó lẹ́sẹ̀) ní owó pọ́ọ́kú kàn lè gbé ẹ́ńjìnnì ńlá lé ọkọ̀ apẹja adágún Ẹlẹ́yẹlé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ń fa eléré tẹ́ pẹrẹsẹ lápá ẹ̀yìn kí ìgbì tó ń dá sẹ́yìn rẹ̀ má baà ga, nítorí eléré tí wọ́n lè fà dé kìlómítà 58 ní wákàtí kan ń ré ìgbì náà kọjá léraléra. Àárín ọkọ̀ ni òpó tí wọ́n so okùn mọ́ wà, kí fífà má baà yí ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mọ́ọ̀dù (ohun tí a fi ń mọ ara ọkọ̀) kan tí a fi ṣe ọkọ̀ púpọ̀ ló ń mú owó wálẹ̀, kì í ṣe kí a fi fáíbà tínrín ṣe ara ọkọ̀. Mo ti fi àtàńpàkò tẹ ara ọkọ̀ oní-fáíbà tínrín bẹ́ẹ̀ rí, ó sì tẹ̀ wọnú.