"A dúpẹ́" kì í ṣe ìdáhùn fún ìjọba

Ẹ kí ìyá aláta kan ní ọjà Bódìjà láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò ti ba apẹ̀rẹ̀ tòmátì rẹ̀ jẹ́. Ẹ bi í pé, "Ìyá, ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́" ni yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde, bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò lára èyí tó ṣì le. Kò purọ́ o. Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló ń dá lóhùn. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.

Irú ìdáhùn báyìí wà lára ohun tó sọ wá di olókìkí. Ní ọdún 2003, ìròyìn tàn káyé pé nínú orílẹ̀-èdè tó lé ní 65 tí World Values Survey, ìwádìí àgbáyé lórí èrò àti ìwà àwọn ènìyàn, ṣèwádìí wọn, àwa ọmọ Nàìjíríà ni inú wa dùn jù. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n nínú World Happiness Report, ìròyìn ọdọọdún lórí ayọ̀ káàkiri ayé, ti ọdún 2025, ipò 105 la wà nínú 147. Finland ló gba ipò kìíní, ìgbà kẹjọ léraléra.

Ìyà ti pọ̀ sí i láàárín ìgbà náà, òótọ́ ni. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n bi wá pàápàá yàtọ̀. Ti àkọ́kọ́ béèrè bóyá inú wa dùn. Ti èkejì, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí Gallup ń gbé kiri, ní ká fojú inú wo àkàbà kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ òdo, tí orí rẹ̀ jẹ́ 10. Ìgbé ayé tó dára jù fún ọ ló wà lókè, èyí tó burú jù ló wà nísàlẹ̀. Ibo lo dúró sí? Ẹ bi ìyá aláta yẹn léyìí. Yóò dákẹ́ ná. Yóò ro owó iléèwé, owó ọkọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọkọ rẹ̀ ń lò. Kò ní fi "a dúpẹ́" dáhùn.

Èrò tiwa ni pé kí àwọn aláṣẹ yé fi sùúrù aráàlú ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ń lọ déédéé. Àwa la ní "ẹ kú ìrọ́jú" lédè. Àwa náà la ń sọ ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀rín náà ń gbé wa ró, a ò sì fẹ́ kó kúrò lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n kò sọ omi di mímu, kò sì gbé dókítà wá sí ọsibítù.

Àwọn kan á ní àkàbà àwọn òyìnbó ò lè wọn ayọ̀ Yorùbá, pé tiwa wà nínú ẹbí, ará àdúgbò àti ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká wọn ìyẹn náà nígbà náà! Bhutan, orílẹ̀-èdè kékeré orí òkè yẹn, ti ṣe é: ọba wọn ló gbé èrò pé kí ìjọba ka ayọ̀ aráàlú sí kalẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980, wọ́n sì ní òṣùwọ̀n 33 tí wọ́n fi ń wò ó. Oorun tí ènìyàn ń sùn wà níbẹ̀. Bó ṣe gbọ́ èdè ìbílẹ̀ rẹ̀ sí wà níbẹ̀.

Ètò ìṣirò ò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 2022, àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kéde pé mílíọ̀nù 133 ọmọ Nàìjíríà ló wà nínú òṣì tó nà kọjá àìlówó lọ́wọ́. Ẹni tó lè ka òṣì lè béèrè bí ayé ṣe rí lára ènìyàn. Kí àjọ náà àti ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù béèrè é lọ́dọọdún, lédè Yorùbá, lẹ́nu ọ̀nà ilé àti lọ́jà. Kí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àkọ́kọ́ sì ti wà lọ́wọ́ aráàlú kí ìbò ọdún 2027 tó dé.