Mi ò wá ẹni tí mo máa rán lọ́jà, ẹni tó máa bá mi lọ ni mo ń wá

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù tí mo tún ń pa á rẹ́. Àmọ́ lánàá, kọ́sítọ́mà mi kan wá gba aṣọ, ó wá ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ó ní "kì í jáde mọ́, ó kàn ń jókòó sílé ṣáá, ó ti ya ọ̀lẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Nígbà tó lọ tán mi ò lè ránṣọ mọ́, mo pa máṣíìnì, mo ní ẹ jẹ́ n kọ ọ́ lónìí kí n tó yí ọkàn padà.

Èmi náà gbé inú ilé fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ ò dùn mí, mi ò jẹ gbèsè tí mò ń sá fún olówó. Mi ò kàn lè jáde ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ọjọ́ Sátidé kan, ní Bódìjà níbí, níbi àwọn aláta. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ mọ bí Bódìjà ṣe máa ń rí lọ́jọ́ Sátidé, alábàrù á máa ké "ẹ yà o, ẹ yà o" lẹ́yìn yín, oòrùn á máa ta, mọ́tò á tún fẹ́ gba ibi tí èèyàn gan-an ò rọ́nà gbà. Mo bẹ̀rẹ̀, mò ń ṣa tòmátò, àfi bí àyà mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì kì kì, ìka mi ń jó mi wínníwínní bí ẹni pé eèrà ń rìn nínú ẹ̀, èémí ò tó mi, ojú mi ń ṣú lọ. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni pé ikú rèé, àti pé nínú gbogbo èrò yìí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí débi táá gbé mi délé. Mo ti sanwó, mi ò dúró gba ṣéńjì, mi ò mú tòmátò, mo já sí títì mo wọ Micra. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ tí mo ti ilẹ̀kùn báyìí, gbogbo ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ibi tí mo sọ yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà náà wà.

Ọsibítù tí mo lọ, wọ́n yẹ ọkàn mi wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ẹ lọ sinmi mà. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ibo ni mo wà nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra. Bódìjà ni mo kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ó kan ìlà báǹkì, ó kan ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọ́kọ́ ń jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, nígbà tó yá mi ò lọ mọ́, ó wá kan Micra, torí tí wọ́n bá ti há mi sáàárín lẹ́yìn, mi ò ní lè mí. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, tí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣe kónílé-ó-gbélé alẹ́, tí kálukú ń sá fún èrò, inú mi dùn. Ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé èèyàn ń kú, àmọ́ ó ṣe mí bí ẹni pé gbogbo ayé ti wá bá mi níbi tí mo wà. Ìgbà tí gbogbo yín padà síta ni mo tó rí i pé èmi ò lè kọjá géètì mọ́.

Kò sì hàn síta, torí télọ̀ ni mí, ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kọ́sítọ́mà ló ń wá bá mi. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń lọ ra òwú àti zíìpù ní Gbági, ọkọ mi ló ń ra oúnjẹ, màmá mi ló ń mú ọmọ mi lọ síléèwé. Ọdún tọ́mọ mi parí jẹ́lé-ó-sinmi, fídíò ni mo fi wo ijó ẹ̀, fóònù màmá mi ló wà, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n, orí àwọn èèyàn iwájú ni mo rí jù.

Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tó lè dun àwọn kan. Ìfẹ́ tí wọ́n ní sí mi yẹn wà lára ohun tó ti géètì mọ́ mi. Mi ò ní bú wọn láéláé, àwọn ni wọn ò jẹ́ kébi pa mí. Àmọ́ gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ní "jókòó jàre, jẹ́ n bá ẹ rà á wá," ńṣe lara mi ń gbọ́ pé òótọ́ ni, ìta léwu, o ṣeun tó ò lọ. Ọdún kìíní mi ò lè dé Bódìjà, ọdún kẹta mi ò lè dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà tó wà ní igun àdúgbò wa, tí mò ń gbóòórùn àkàrà ẹ̀ láti ojú wíńdò.

Àwọn kan ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù ni, àwọn kan ní ayé ló fi ṣe mí. Mo gbààwẹ̀, mo ṣì ń gbàdúrà títí dòní, mi ò kọ àdúrà. Àmọ́ nígbà tí mo ní mo fẹ́ rí dókítà ọpọlọ, màmá mi bú sẹ́kún, wọ́n ní "ọmọ tèmi ò ní dé Àrò lágbára Olúwa." Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yẹn ti ń bọ̀. Òfin tí Nàìjíríà ń lò lórí ọ̀rọ̀ yìí láti 1958, òfin wèrè gan-an lorúkọ ẹ̀, January 2023 ni wọ́n tó buwọ́ lu tuntun. Ta ló máa fẹ́ kí ọmọ òun wà lábẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀?

Mo wá lọ kà nípa Àrò yẹn, ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, nǹkan tí mo rí yà mí lẹ́nu. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, kò kàn ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó ní kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú, ẹbí aláìsàn kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa bá a gbé níbẹ̀. Wọn ò gba aláìsàn kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn ẹ̀. Mo ka ibẹ̀ fún màmá mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lẹ́ẹ̀dì (Leeds) nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ sọ orúkọ ẹ̀ fún mi, ó ní agoraphobia ni. Èdè àwọn Gíríìkì ni, "agora" yẹn, ọjà ni, ibi tí gbogbo ìlú ti ń pàdé. Ìbẹ̀rù ọjà! Èmi tó jẹ́ pé ọjà ló ti mú mi. Carl Westphal, dókítà kan ní Bẹ̀lín ní ilẹ̀ Jámánì, ló fún un lórúkọ yẹn ní 1871, ó kọ nípa àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọn ò lè dá kọjá ní gbàgede ìlú, àmọ́ tẹ́nì kan bá ń bá wọn rìn, ara á tù wọ́n. Àwa Yorùbá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹ wá wo ẹni tí ọjà ń bà lẹ́rù.

Mo lọ rí dókítà ṣá, ọkọ mi ló wa mọ́tò, mo bojú ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n fún mi ní oògùn kan tó ń jẹ́ sertraline, ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ obìnrin sàíkọ́lọ́jíìsì tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ló là mí lójú. Ó bi mí pé ṣé ajá ti lé mi rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní tẹ́ ẹ bá sá, ṣé kì í lé yín sí i ni? Ó ní ara mi ló ń tú adrenaline jáde, ìyẹn nǹkan inú ara tó ń mú kí àyà máa lù kíkankíkan, bí ẹni tí ajá ń lé, mo sì ń mí yára jù, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìka máa jó mi kí ojú sì máa ṣú. Ó ní ó máa ga láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì sọ̀kalẹ̀ fúnra ẹ̀, àmọ́ èmi ò dúró kó sọ̀kalẹ̀ rí, ilé ni mo máa ń sá wá, mo wá ń rò pé ilé ló gbà mí sílẹ̀.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mẹ́ta!

Ohun tó ní kí n ṣe ni pé kí n jáde díẹ̀díẹ̀, àmọ́ tó bá ti mú mi, kí n má padà sílé àfi tó bá rọlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ló gbà láti máa bá mi rìn. Ọ̀sẹ̀ kìíní, géètì lásán, a kàn dúró síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, òpó iná. Kì í dì mí lọ́wọ́ mú, kì í sọ pé má bẹ̀rù, tí mo bá ní ká padà á ní "ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i, sìstá mi," á sì dúró, iṣẹ́ ń dúró dè é o, àmọ́ kò wo aago lójú mi rí.

Ọjọ́ tá a dé ọ̀dọ̀ ìyá alákàrà ni mi ò lè gbàgbé. Bí mo ṣe débẹ̀ ló dìde, àyà, ìka, gbogbo ẹ̀. Màmá yẹn wojú mi, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n ti bẹ́ǹṣì sí mi, wọ́n ní "ẹ jókòó, epo ti ń gbóná." Mo jókòó, mo gbójú lé agbada yẹn. Wọ́n da ti àkọ́kọ́ sínú epo, mẹ́sàn-án, mo kà á, ó funfun, ó ń hó ṣàà, etí ẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n, wọ́n fi irin yí i padà. Wọ́n kó o. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n da ìkejì, mo tún kà á. Ìgbà tí ìkẹta ń pọ́n ni mo ṣàdédé rí i pé ebi ń pa mí, pé mò ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ iléèwé tó wà níbẹ̀ ń sọ. Ó ti lọ. Ìta ni mo wà, ó sì lọ! Mo jẹ àkàrà mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì yẹn, àbúrò mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo mọ̀ pé omijé ló ń nù.

Kò lọ geerege láti ibẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí mi ò lè dé òpó iná padà. Àmọ́ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà díẹ̀díẹ̀, ó ń rìn lẹ́yìn, ó dúró ní géètì, ó lọ sí ibi iṣẹ́ ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́nì kan nílé tó ń ṣe báyìí, ẹ má pè é lọ́lẹ, ẹ má sì fi gbogbo ìgbà bá a ra nǹkan wá. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í pé ibo ló lè dé lónìí, ẹ bá a débẹ̀, ẹ dúró. Kọ́sítọ́mà mi, tó o bá ń ka èyí, mi ò bínú sí ẹ, ẹ̀gbọ́n ẹ ni mò ń rò láti àná, jọ̀ọ́, pè mí, mo lè wá. Èmi fúnra mi, mo lè wá sílé yín.

Oṣù tó kọjá mo lọ sí Bódìjà, ọjọ́ Sátidé. Ó fẹ́ mú mi níbi àwọn aláta, mo dúró, mò ń ka tàtàṣé bí mo ṣe ka àkàrà, ó ga, ó rọlẹ̀. Obìnrin tí mò ń ra ata lọ́wọ́ ẹ̀ láyé ìgbà yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti sanra díẹ̀. Ó ké, "Ha, kọ́sítọ́mà mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ìrìn àjò lẹ lọ ni?"

Mo ní rárá o, ilé ni mo wà.

Ó wò mí díẹ̀. Ó ní "ẹ káàbọ̀ o," ó wá mú abọ́, ó ń bu tòmátò sí i.