Irọ́ ni pé BSD ti kú

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ábẹ́òkúta, láti Ìbarà dé FUNAAB, ọ̀rọ̀ yìí ti di àkọ́sórí: "Linux nìkan ló kù, BSD ti kú." Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni Linux àti BSD; ìdílé ni BSD, FreeBSD àti OpenBSD sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́ FreeBSD, wọ́n á bi í bóyá kò níṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, torí ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa fi iye àwọn tó ń lo iṣẹ́ kan díwọ̀n rẹ̀.

Linux ló gba ọjà sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) lónìí, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Àmọ́ ẹ ṣí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tẹ ssh -V sínú ojú àṣẹ rẹ̀ (terminal). Ohun tó máa jáde, "OpenSSH" ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí lórí Ubuntu (irú Linux kan) náà ló rí lórí Mac, Windows 10 pàápàá ti ń gbé e wá láti 2018. Òun lẹ fi ń jókòó sí Láfẹ́nwá tí ẹ fi ń wọ sáfà tó wà ní Jámánì. Ta ló ṣe é? Àwọn OpenBSD ni, iṣẹ́ tí Theo de Raadt dá sílẹ̀ ní 1995. Wọ́n mú ẹ̀dà SSH àtijọ́ kan tí àṣẹ rẹ̀ ṣì gba gbogbo èèyàn láàyè, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé e jáde ní 1999. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.

Ní January 2014, àwọn èèyàn yìí kan náà ń tọrọ nǹkan bí $20,000 láti fi san owó iná àwọn ẹ̀rọ wọn. Àwa tá à ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ mọ bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ṣe ń wúwo tó. Gbogbo ayé ń lo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, owó iná sì fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó dùn mí gan-an.

FreeBSD ńkọ́? Orí rẹ̀ ni Netflix ti ń pín fíìmù, ara rẹ̀ sì ni Sony ti yọ ètò tó wà nínú PS4 tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Iye èèyàn nìkan ò sì lè dáàbò bo iṣẹ́: ẹ wá wo CentOS, irú Linux kan tí èrò kún bámúbámú. Ní December 2020 ni Red Hat, ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kéde pé àtìlẹ́yìn fún CentOS 8 máa parí ní òpin 2021, nígbà tí àwọn tó ń lò ó ti fọkàn sí 2029. Àwọn tó ń lò ó bá ń sá kiri, àwọn kan lọ sí AlmaLinux, àwọn kan sí Rocky Linux, tí wọ́n jẹ́ irú Linux mìíràn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kan ṣì wà láàyè, ẹ wo ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun jáde gbẹ̀yìn, àti bí wọ́n ṣe tètè ń dí ihò ààbò tó bá yọ. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni OpenBSD ń gbé tiẹ̀ jáde.