Ẹni tó ń kanlẹ̀kùn torí ìbò kò wá bá yín jiyàn

Bí mo bá ní kí ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Houston níbí bá mi jáde lọ kanlẹ̀kùn nítorí ìbò, mo ti mọ èsì tó ń bọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀ o, mi ò lẹ́nu àríyànjiyàn." Ẹlòmíràn á ní òun ò fẹ́ kí òyìnbó dẹ ajá sí òun. Ẹlòmíràn á ní ohùn òun ṣì ń dún bí ará Ìbàdàn, ta ló fẹ́ gbọ́ ohun tóun ń sọ? Ohun kan náà ló wà lọ́kàn gbogbo wọn: pé iṣẹ́ yìí ni kéèyàn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò fẹ́ rí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ sójú, kó máa rò fún un títí yóò fi yí ọkàn padà.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ. Mo ti to ọ̀rọ̀ sínú bí ẹni tó ń lọ kóòtù. Mo dé ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n ti ń pín wa sí àdúgbò, wọ́n fún mi ní omi inú ike kan àti ìwé pélébé díẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ àwọn èèyàn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ọmọbìnrin tó ń darí wa kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá wa jiyàn, ká dúpẹ́, ká máa lọ; pé ká tó jiyàn tán nílé kan, ilé mẹ́ta tó yẹ ká dé ti fò wá. Ojú tì mí díẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi gbogbo òwe tí mo kó dání ṣe?

Orúkọ tó wà lórí fóònù yẹn ni kókó ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé tó wà ládùúgbò la máa ń kàn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò: orúkọ, àdírẹ́sì, àti àwọn ìbò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jáde fún. Ní Texas níbí, kò sí pé èèyàn ń forúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ nígbà tó bá ń gba káàdì ìdìbò, ṣùgbọ́n bí o bá ti dìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kan rí, ó wà nínú àkọsílẹ̀ pé ti ẹgbẹ́ báyìí lo lọ. Àwọn olùpolongo á gba àkọsílẹ̀ yìí, wọ́n á yọ àwọn tí kò ní gba tiwọn láé kúrò. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún yọ ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í pa ìbò kan jẹ kúrò, torí pé irú àwọn yẹn, òjò ìbáà máa rọ̀, wọ́n á lọ. Àwọn tó kù la ń lọ bá: ẹni tó ṣeé ṣe kó gba tiwa, àmọ́ tó máa ń jáde lọ́dún tí wọ́n bá ń yan ààrẹ, tó sì máa ń jókòó sílé bó bá di ìbò àárín sáà. Ọ̀pọ̀ wọn ti wà lẹ́yìn wa kí n tó débẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ bá wọn jiyàn lé lórí?

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ìbò àárín sáà ni èyí tó máa ń wáyé lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n bá ti yan ààrẹ. Lọ́dún 2020, nínú 100 èèyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní Amẹ́ríkà, bíi 66 ló jáde. Nígbà tó di 2022, ó já wálẹ̀ sí bíi 46. Ti 2018, tí gbogbo ayé pariwo pé èrò pọ̀, ìdajì péré ni. Ti 2014 burú jáì, kò pé 37. Ogún èèyàn nínú 100 tó pòórá láàárín 2020 sí 2022, wọn ò tíì kú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọkàn wọn yí padà. Ilé ni wọ́n jókòó sí. Ẹ sì má gbàgbé ohun tí wọ́n ń yàn lọ́dún bẹ́ẹ̀ o: gbogbo ìjókòó 435 tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àti gómìnà ìpínlẹ̀ 36. Gómìnà Texas wà lára rẹ̀. Olórí kọ́ńtì wa, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ nílé, náà wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní "county judge", tí púpọ̀ nínú wa rò pé adájọ́ tó ń fi wọ́ọ̀gì sórí ni. Òun ni olórí ètò pàjáwìrì kọ́ńtì. Bí ìjì òkun bá ń bọ̀, tí omi fẹ́ wọ inú ilé yín, ẹnu rẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ bóyá kẹ́ ẹ sá tàbí kẹ́ ẹ dúró.

Ẹni tó bá ní ìbò kan ò já mọ́ nǹkan, kó bi àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Colorado. Ní 2022, ìbò 546 ni Lauren Boebert fi borí Adam Frisch láti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú, nínú èyí tó lé ní 320,000. 546! Ọ̀pọ̀ ìyàwó nílé wa ni ò ní gbà kí àlejò ìgbéyàwó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ò wá lè yí èèyàn lọ́kàn padà ni? Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbé e yẹ̀ wò. Lọ́dún 2018, Joshua Kalla àti David Broockman kó àbájáde ìdánwò 49 jọ, àwọn tí wọ́n ti ṣe lórí pápá nígbà ìpolongo, láti mọ iye èèyàn tí ìwé, ìpè fóònù àti kíkanlẹ̀kùn ń mú yí sí ẹgbẹ́ kejì nígbà tí ìbò gbogboogbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Òdo ni wọ́n bá níbẹ̀, tàbí ohun tó sún mọ́ òdo. Wọ́n ní ó lè yàtọ̀ bó bá jẹ́ ìbò abẹ́lé, tàbí ìbò lórí òfin kan pàtó, níbi tí àwọn èèyàn ò ti tíì mọ ibi tí wọ́n máa wà. Ṣùgbọ́n kéèyàn lọ bá ẹni tó ti dìbò fún ẹgbẹ́ kan fún ogún ọdún ní oṣù kẹwàá, ó ń fi agbọ̀n pọn omi ni.

Ọ̀rọ̀ mímú ẹni tó ti gbà tẹ́lẹ̀ dìde kúrò lórí àga kì í ṣe ọ̀rọ̀ òdo ní tiẹ̀. Lọ́dún 1998, tó jẹ́ ọdún ìbò àárín sáà, Alan Gerber àti Donald Green ti yunifásítì Yale lo ìlú New Haven, olùdìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000. Wọ́n rán ẹni lọ sílé àwọn kan, wọ́n pe àwọn kan lórí fóònù, wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn kan, wọ́n sì fi àwọn kan sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan fún wọn. Láàárín àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lójúkojú, ìdìbò fi nǹkan bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú 100 lọ sókè. Lẹ́tà ṣe díẹ̀ táṣẹ́rẹ́. Ìpè fóònù àwọn tí wọ́n sanwó fún láti máa ka ọ̀rọ̀ síni létí kò ṣe nǹkan kan rárá, èyí ò sì yà mí lẹ́nu, torí èmi náà kì í gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí.

Sátidé kan ni, ní oṣù kẹwàá 2022, ní Alief, àdúgbò kan ní Houston níbí. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìdìbò ìṣáájú bẹ̀rẹ̀, ìyẹn èyí tí èèyàn lè lọ dì kí ọjọ́ ìbò gan-an, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá, tó pé. Mo tẹ aago ilé kan, mo sì fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta bí wọ́n ṣe kọ́ wa, kí ẹni tó wà nínú ilé má bàa rò pé mo fẹ́ já wọlé. Ohùn obìnrin kan jáde látinú kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, ó fi èdè òyìnbó sọ pé òun ò ra nǹkan kan. Orúkọ tó wà lórí fóònù mi, orúkọ wa ni. Mo ní, "Ẹ káàsán mà. Mi ò ta nǹkan kan, mà. Ọ̀rọ̀ ìbò ni." Ibẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí wọ́n ń ṣí kọ́kọ́rọ́, àkọ́kọ́, èkejì, ìkẹta.

Ìyá kan ni, wọ́n á tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, wọ́n ṣì wọ aṣọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, wọ́n fi ìborùn wérí. Kí wọ́n tó dáhùn kíkí mi, wọ́n ti bi mí pé, "Ọmọ ìlú ibo ni ẹ́?" Mo dọ̀bálẹ̀ tàbààgì-tàbààgì níbẹ̀. Aládùúgbò kan tó ń gé koríko pa ẹ̀rọ rẹ̀ láti wò wá.

"Ṣé ẹ máa dìbò lọ́dún yìí, mà?"

"Mo máa dì í. Kí ló dé?"

"Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ, mà?"

"Ṣebí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ni."

"Báwo ni iṣẹ́ yín ṣe rí lọ́jọ́ náà?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò. Aago méje alẹ́ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọṣẹ́, wọ́n á jáde ní méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á sì tún wọlé padà ní méje alẹ́. Ojú ọ̀sán ni wọ́n fi ń sùn. Wọ́n dúró, wọ́n wò mí. "Háà. Mi ò wá ní lè lọ nìyẹn."

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá yìí ti pinnu láti dìbò, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìbò yẹn jẹ láìmọ̀, torí pé kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kékeré kan. Mo sọ fún wọn pé kò pọn dandan kó jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé láti Monday tó ń bọ̀ ni ibùdó ìdìbò yóò ti ṣí, àti pé èyíkéyìí nínú kọ́ńtì wa ni wọ́n lè lọ. Mo fi èyí tó wà lójú ọ̀nà iṣẹ́ wọn hàn wọ́n lórí fóònù. "Ibí yìí? Ojoojúmọ́ ni mò ń gba iwájú rẹ̀ kọjá!" Mo bi wọ́n bóyá ìwé àṣẹ ìwakọ̀ wọn ṣì dára. Wọ́n wọlé lọ mú un wá, àwa méjèèjì jọ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. A fi àdéhùn sí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n bá ti ń tibi iṣẹ́ bọ̀, kí wọ́n tó sùn. Wọ́n fi báírò kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe èmi ni mo gbọ́n o. Àwọn ìbéèrè yẹn ní ìtàn. Ní Pennsylvania lọ́dún 2008, David Nickerson àti Todd Rogers pe àwọn olùdìbò ṣáájú ìbò abẹ́lé, wọ́n bi wọ́n léèrè mẹ́ta: aago mélòó lẹ máa lọ, ibo lẹ ó ti máa bọ̀, kí lẹ ó ti ṣe kẹ́ ẹ tó lọ. Láàárín àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ìdìbò fi nǹkan bíi mẹ́rin nínú 100 lọ sókè. Ibi tó mú mi dúró ni pé ilé tó jẹ́ olùdìbò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ ni gbogbo èrè náà ti wá, ó tó mẹ́sàn-án nínú 100 níbẹ̀. Níbi tí olùdìbò bá ti ju ẹyọ kan lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Àlàyé àwọn onímọ̀ náà ni pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó jọ ń gbélé ti máa bi ara wọn. Ẹni tó bá dàgbà nínú agboolé mọ ohun tí mò ń wí: ta ló fẹ́ jí lọ síbì kan tí wọn ò ní bi í pé ibo lò ń lọ, ìgbà wo lo máa dé? Àwọn ọmọ ìyá yẹn ti wà ní Dallas àti Atlanta. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n mọ́.

Ìbẹ̀rù kan tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í sọ síta: pé bí orúkọ àwọn bá wà lọ́wọ́ wa, a mọ ẹni tí wọ́n dìbò fún nìyẹn. A ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ tóo bá dìbò abẹ́lé rẹ̀, bóo bá jáde tàbí oò jáde ni àkọsílẹ̀ ń sọ. Ìyẹn gan-an ní agbára tiẹ̀. Ní Michigan lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí kọ lẹ́tà sí àwọn ilé kan, wọ́n to orúkọ àwọn ará ilé àti ti aládùúgbò sínú rẹ̀, ẹni tó dìbò àti ẹni tí kò dì í, wọ́n sì ní àwọn yóò tún kọ òmíràn lẹ́yìn ìbò. Níbi tí lẹ́tà ò dé, bíi 30 nínú 100 ló jáde. Níbi tó dé, ó di bíi 38. Ojú àdúgbò le. Ní tèmi o, mi ò ní gbé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ sílé ẹnikẹ́ni, èébú tí wọ́n á bú mi á ju ìbò lọ.

Àwọn tó bá sì ti ilé wá pẹ̀lú "dìbò kóo sebẹ̀" lọ́kàn, ẹ rọra. Níbi tí ìbò ìjọba àpapọ̀ bá ti wà, ẹni tó san owó fún ìbò àti ẹni tó gbà á, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún márùn-ún. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù náà lè di ẹjọ́ síni lọ́rùn bó bá jẹ́ pé torí kí wọ́n lè dìbò lẹ ṣe gbé e fún wọn.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn kì í ṣí, mi ò ní purọ́. Ẹ ó kan mẹ́wàá, ẹ ó rí ẹni méjì, ẹnì kan nínú wọn á sì jẹ́ ọmọdé tó ní ìyá òun ń wẹ̀. Ẹsẹ̀ á dun yín. Ajá wà lóòótọ́, púpọ̀ wọn ló jẹ́ pé ariwo lásán ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ò lè bá wa ṣe é torí gíríìn káàdì lòun ní, òun ò tíì di ọmọ onílùú. Òótọ́ ni pé kò gbọdọ̀ dìbò, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀ ṣèèṣì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, torí ìyẹn lè dá a padà sílé láìròtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kó má yọ̀ǹda ara rẹ̀ láìgbowó. Òun ló wá ń fi ọkọ̀ gbé mi láti òpópónà kan sí èkejì. Ọjọ́ Alief yẹn, inú ọkọ̀ ló wà tó ń sùn. Mo kan gíláàsì, ó jí, ó bi mí ẹgbẹ́ tí ìyá náà ń ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé wọn ò bi mí ní ẹgbẹ́ tó rán mi wá, èmi náà ò sì sọ.