Ẹ yé é parọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́: òun kọ́ ló ń ba orúnkún àgbà jẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Láìpẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, dókítà sì ti ní kí wọ́n máa lo ara wọn. Wọ́n ti ná kẹ̀kẹ́ náà, owó ti wà lọ́wọ́. Àfi bí ẹnì kan ṣe là á mọ́ wọn lójú nípàdé ẹbí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí pé ẹ ti lé lọ́gọ́ta o. Kẹ̀kẹ́ á jẹ orúnkún yín tán. Ọ̀pá lẹ ó máa fi rìn." Bí wọ́n ṣe dá owó padà sápò nìyẹn.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alágbo, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé yanjú. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó fojú rí i. Mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi ara rẹ̀ léèrè pé: nígbà tí èèyàn bá wà lórí kẹ̀kẹ́, kí ló gbé ìwọ̀n ara rẹ̀? Ìjókòó ni. Ìdí la fi jókòó, ẹsẹ̀ kàn ń yí pẹ́dà ni. Nígbà tí a bá ń rìn ńkọ́? Orúnkún ló ń gba gbogbo rẹ̀, ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Àwọn kan ti wọ̀n ọ́n. Ní ilé ìwòsàn Charité ní Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, wọ́n ní àwọn aláìsàn tí orúnkún wọn ti bàjẹ́ débi pé wọ́n ti fi orúnkún àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Inú orúnkún àtọwọ́dá yẹn gan-an ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí, ẹ̀rọ tó ń sọ bí ohun tó ń tẹ orúnkún náà ṣe wúwo tó, bí ẹni náà bá ń rìn, bó bá ń gun àtẹ̀gùn, bó bá ń wa kẹ̀kẹ́ adúrólójúkan. Èyí kì í ṣe ìṣirò orí pátákó. Inú orúnkún ẹni tó ń mí ni wọ́n ti kà á.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rí. Bí èèyàn bá ń rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ohun tó ń tẹ orúnkún rẹ̀ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bó bá ń wa kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, ìwọ̀n ara rẹ̀ ni, pẹ̀lú díẹ̀ lé: ìdá 119 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó wọn kílò 80 ṣe é. Bó bá ń rìn lọ sọ́jà, nǹkan bíi kílò 200 ló ń tẹ orúnkún rẹ̀. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó lé ní 250. Lórí kẹ̀kẹ́, kò ju nǹkan bíi 95 lọ. Kò sì sẹ́ni tó ń sọ fún bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún pé kó má rìn lọ sọ́jà mọ́.

Lọ́dún 2024, àwọn oníwàádìí kan láti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Baylor ní Houston, ní Amẹ́ríkà, gbé tiwọn jáde. Àwọn èèyàn tó lé ní 2,600 ni wọ́n wò, tí ọ̀pọ̀ wọn ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àwọn tó ti gun kẹ̀kẹ́ rí láyé wọn kò ní ìrora orúnkún tó àwọn tí kò gùn ún rí, ìyàtọ̀ náà sì tó ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti làkúrègbé orúnkún tó ń fara hàn nínú àwòrán eegun, tó sì tún ń dunni, ìyàtọ̀ náà tó ìdá 21. Bí ẹni náà bá sì ṣe pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́ tó láyé rẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ ṣe sàn tó. Ó dáa, mo gbà pé irú ìwádìí yìí kò lè búra pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló fà á, torí ẹni tórúnkún ti ń dùn tẹ́lẹ̀ lè má sún mọ́ kẹ̀kẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́ ni kẹ̀kẹ́ ń jẹ orúnkún, òdìkejì èyí ló yẹ kí wọ́n rí.

Ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Eegun rírọ̀ tó bo orí eegun nínú oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, bí orúnkún bá ṣe ń ká tó ń nà ni omi yẹn ń wọlé tó ń jáde. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́, ebi ló ń pa orúnkún rẹ̀. Ó sì ń sanra sí i, ẹrù ń pọ̀ sí i fún orúnkún kan náà.

Wọ́n á ní àwọn bàbá wa tó gun kẹ̀kẹ́ Raleigh lọ sóko, ṣebí wọ́n tiro lọ́jọ́ ogbó. Ẹ ti gbàgbé ọkọ́ ni? Wọ́n kọ ebè látàárọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ro oko, wọ́n fi orí ru iṣu, wọ́n tún di igi ìdáná sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà. Kẹ̀kẹ́ nìkan lẹ wá rí dá lẹ́bi.

Èmi fúnra mi ti lé lọ́gọ́ta. Orúnkún òsì mi ti ń dùn mí kí n tó padà sórí kẹ̀kẹ́, pàápàá bí mo bá jókòó pẹ́ tí mo wá fẹ́ dìde. Nísinsìnyí, mo máa ń jáde láàárọ̀, mo máa ń gba apá Àjàáwà, mo máa ń dé ìtòsí odò Ọbà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sáré. Ọ̀nà ẹlẹ́rùpẹ̀ pupa ni, oko kaṣú lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ lósì, igi èmi àti igi igbá níbi tí wọn kò tíì gé wọn. Mo máa ń dúró kí àwọn ìyá tó ń yan gààrí, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á ní "Ẹ kú ìrìn o, bàbá, ẹ wá jẹun." Ìgbà mìíràn mo máa ń jókòó tì wọ́n débi pé ilé á pè mí wò. Ìrora yẹn ti dín kù gan-an, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, torí ara mi ni.

Àwọn tó ń parọ́ mọ́ kẹ̀kẹ́ ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn afẹ̀yìntì pọ̀ nídìí irú ìrìn àjò yìí nílẹ̀ ibòmíràn. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà létí odò Danube, láti Passau ní Jámánì dé Vienna ní Austria, ó lé ní kìlómítà 300. Ẹṣin ló ń fi okùn fa ọkọ̀ ojú omi gòkè lápá ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ọ̀nà tí ẹṣin ń tọ̀ létí omi ló di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdí nìyẹn tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ: láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan bíi mítà 150 péré ni ilẹ̀ fi dà sísàlẹ̀. Tọkọtaya arúgbó á gbéra láàárọ̀, wọ́n á yà ní abúlé kan jẹun, wọ́n á sùn ní abúlé mìíràn. Kì í ṣe agbára ló gbé wọn débẹ̀. Agbára tí èèyàn fi ń rin kìlómítà márùn-ún ní wákàtí kan, bó bá fi wa kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, á gbé e lọ tó kìlómítà 15. Ní Netherlands, kẹ̀kẹ́ pọ̀ ju èèyàn lọ, tàgbà tèwe ló sì ń gùn ún.

Bí kẹ̀kẹ́ bá mú orúnkún dùn, ẹ kọ́kọ́ wo ìjókòó. Níbí, a fẹ́ràn kí ìjókòó rẹlẹ̀ kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè kanlẹ̀, ohun tó sì ń ká orúnkún jù nìyẹn. Ẹ gbé e sókè: bí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ẹ gbé gìgísẹ̀ lé e, kí ẹsẹ̀ nà tán. Bí ẹ bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ wà á, orúnkún á ká díẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní gíà, èyí tó fúyẹ́ ni kí ẹ lò, kí ẹsẹ̀ máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí òkè bá dé, ẹ sọ̀, ẹ tì í. Ẹni tórúnkún rẹ̀ wú, tó gbóná, tàbí tó ń há, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà.

Bí ẹ bá fẹ́ kìlọ̀ fún àgbà tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lágbègbè yìí, tírélà ojú ọ̀nà Ìlọrin àti ti Ọ̀yọ́ ni kí ẹ kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀. Ìyẹn lè ṣẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ ní kó yà kúrò ní títì márosẹ̀, kó gba ọ̀nà abúlé, kó wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ yòò, kó fi omi dání, kó sì tètè jáde kí oòrùn tó mú.